Àyànmọ́, Òfin Ìṣẹ̀dá àti Omi Odò Ògùn ní Kòsọ́fẹ́

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi Odò Ògùn kún kọjá bèbè rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò, ó sì ya wọ ilé àwọn ènìyàn ní Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ní Agílítí, àti ní apá kan Kétu àti Máìlì 12. Àwọn ìdílé gbé ẹrù lérí, wọ́n wọ́dò kọjá ní ojú pópó tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ gbẹ rìn tẹ́lẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ kò sì tólẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn kan lọ sí àgọ́ ní Àgbọ̀wá. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán láìsí àlàyé. Àwọn kan á ní kádàrá ni, pé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ní ṣàìṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn, tí wọ́n kàwé jù bẹ́ẹ̀ lọ, á ní òfin ìṣẹ̀dá ni: òjò pọ̀ lókè odò, omi ìsédò pọ̀, omi kò sì lè ṣàì wá ibi tó rẹlẹ̀ lọ.

Èkíní dà bí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, èkejì dà bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbé àwọn méjèèjì wò dáadáa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè parí àlàyé rẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni tí ìbá ti ṣe ohun mìíràn.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè àtijọ́ náà ti yọjú. Ǹjẹ́ ènìyàn ní agbára láti yan ohun tí yóò ṣe, àbí gbogbo ìṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú? Kì í ṣe àwọn onímọ̀ nìkan ni ìbéèrè yìí kàn. Bí kò bá sí yíyàn, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ bá wí, kò sí ọ̀daràn tí ó yẹ kí adájọ́ dá lẹ́bi, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó yẹ kí ará ìlú bi léèrè. Orúkọ àgbègbè náà pàápàá, Kòsọ́fẹ́, ń dún létí Yorùbá bí ẹni pé ó ń kìlọ̀ pé kò sí ohun tí í ṣe ọ̀fẹ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ inú ìdáhùn èkíní wò. Kádàrá kì í ṣe ọmọ bíbí inú èdè Yorùbá. Inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, níbi tí qadar ti jẹ́ òṣùwọ̀n tí Ọlọ́run fi lélẹ̀ fún ohun gbogbo. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló gbé e wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní ilé tí ó ti wá gan-an, ìjà ni ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀. Láyé àtijọ́ nínú ẹ̀sìn náà, àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Qadariyya sọ pé ènìyàn ló ni iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn Jabriyya ta kò wọ́n, wọ́n ní ńṣe ni a ń ti ènìyàn síwájú. Al-Ash'ari, ẹni tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 936, wá ojú ọ̀nà àárín: ó ní Ọlọ́run ló dá iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ènìyàn ló gbà á ní tirẹ̀, òun ni a ó sì bi nípa rẹ̀. Àwọn Kírísítẹ́nì náà ti ja irú ìjà yìí láàrin Augustine àti Pelagius ṣáájú wọn.

Nígbà tí kádàrá dé ilẹ̀ Yorùbá, ó bá àwọn mìíràn lórí ẹní: ìpín, àyànmọ́, àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, to mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ìpín fi ń di ti ènìyàn. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú wọn kò fohùn ṣọ̀kan. Ẹni tó kúnlẹ̀ yàn, òun ló ṣe yíyàn. Ẹni tó kúnlẹ̀ gbà, wọ́n fún un ni, ó kàn na ọwọ́ ni. Ẹni tí a yàn án mọ́, kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan. Àríyànjiyàn tí àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn pín ara wọn sí ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀, inú ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá kó o sí, wọn kò sì lé ọ̀kan jáde fún èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe wọn rí. Ẹnu tó ní àyànmọ́ kò gbóògùn, òun náà ló ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Nínú àwọn ìtàn tí Ifá pa lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó jinlẹ̀ jù ni ti Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí lọ́run. Wándé Abímbọ́lá, tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1982, ti tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ní 1968. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sílé ayé: Oríseékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọn kò lè wá láìní orí, orí sì di ọ̀dọ̀ Àjàlá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò yà sọ́dọ̀ bàbá wọn. Ọ̀nà tààrà ni wọ́n gbà. Wọn kò bá Àjàlá nílé. Wọn kò ní sùúrù láti dúró dè é, wọ́n wọ yàrá tí ó kó orí sí, wọ́n sì mú èyí tó wù wọ́n, wọ́n gbé e borí. Orí tí ọ̀kan mú kò tíì jinná nínú iná, ti èkejì ti sán. Ojú lásán kò lè fi hàn wọ́n.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kí ó rúbọ iyọ̀ àti owó, kí ó sì mú nínú rẹ̀ dání lọ sí ìrìn-àjò náà. Lójú ọ̀nà, ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú sí ọbẹ̀ bí ẹni ń fi iyọ̀ sí i. Ó bu iyọ̀ fún un. Ọbẹ̀ náà dùn mọ́ oníbodè lẹ́nu débi tí ó fi tú àṣírí: Àjàlá jẹ gbèsè, orí àjà ló sì máa ń sá sí bí olówó bá wá sin ín. Nígbà tí Afùwàpẹ́ dé ibẹ̀, ó bá ẹni tó wá sin gbèsè tó ń pariwo nínú ilé, ó san owó náà. Amọ̀kòkò sọ̀kalẹ̀ látorí àjà. Ó mú àlejò rẹ̀ wọ yàrá, ó ń fi ọ̀pá irin kan àwọn orí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi gbọ́ èyí tí ohùn rẹ̀ le, ó sì fún un.

Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Ó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ọ̀nà ayé. Orí àwọn méjì àkọ́kọ́ rẹ̀, ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ti Afùwàpẹ́, ńṣe ni omi ń ta dànù lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dáyé, àwọn méjì náà ń ṣiṣẹ́ kára, ṣùgbọ́n títún orí tó ti jẹ ṣe ni èrè iṣẹ́ wọn ń bá lọ. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ṣebí ilé kan náà ni gbogbo wọn ti gba orí, kádàrá ni Ifá fi dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó ti ilé Lárúbáwá wá ti rí ààyè jókòó nínú ẹsẹ Ifá nìyẹn.

Ẹni tó bá ń kọ́ni ní ìtàn yìí sábà máa ń dúró lórí ọ̀rọ̀ orí rere àti orí burúkú. Òjò náà tó ohun tí ènìyàn ń wò. Ifá kò sọ pé ó bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Òjò kan náà ló pa àwọn mẹ́ta, ó sì ṣe sí amọ̀ tí kò jinná ohun tí omi í máa ṣe sí amọ̀ tí kò jinná. Òfin ìṣẹ̀dá nìyẹn, kò mọ ọmọ Ògún yàtọ̀ sí ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú òjò: ta ló yà béèrè, ta ló rí ẹni sọ òtítọ́ fún un, ta ló ní owó tí ó lè fi san gbèsè.

Àwọn onímọ̀ kò gba ìtàn yìí láìwádìí. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé tó kọ lórí ìmọ̀ ọgbọ́n orí Yorùbá ní 1991, gbé ìṣòro kan kalẹ̀ tí kò ṣeé yẹra fún: ẹni tó mú orí láìmọ èyí tó jinná, ṣé ó yàn ní tòótọ́? Yíyàn láìní ìmọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí kí ènìyàn ṣẹ́ gègé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀, báwo ni a ṣe lè dá Oríseékú lẹ́bi? Ìbéèrè náà lágbára, ó sì yẹ kí a jẹ́ kí ó dúró. Ṣùgbọ́n ìtàn Ifá mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sọ́run: èyí tí àwọn orí ti pe ìpàdé, tí wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i, tí gbogbo ohun tí wọ́n pinnu kò sì lè ṣẹ títí wọ́n fi lọ pè é. Orí lè gba ìpín. Bí ẹsẹ̀ kò bá rìn, ìpín náà kò dé ibì kankan.

Ìtàn ìlú sì jẹ́rìí sí i ju ìtàn ọ̀run lọ. Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́, sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń fi ọba jẹ tó sì ń rán ọba sọ́run, títí di ọdún 1774 tí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀, tí wọ́n sì pa á ní ìpa ẹ̀sín. Àwọn tó dá a lẹ́jọ́ kò béèrè irú orí tí ó gbà nílé Àjàlá. Títí dòní, Yorùbá ń sọ pé bí o láyà o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà o ṣòótọ́. Rírántí ni òwe náà gbé ara lé. Ó gbà pé ìrántí ikú ẹlòmíràn lè yí ọwọ́ ènìyàn padà, èyí tí kò ní ìtumọ̀ bí gbogbo ọwọ́ bá ti wà nílẹ̀ látọ̀run.

Ní 1968 kan náà tí ìwé Abímbọ́lá jáde, Ọlá Rótìmí gbé eré The Gods Are Not to Blame jáde ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1971. Ó mú ìtàn Oedipus ti àwọn ará Gíríìsì, ó fi wọ Ọdẹ́wálé láṣọ Yorùbá. Wọ́n ti sọ nígbà ìkómọ rẹ̀ pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbìyànjú láti sá fún un ló ràn án lọ́wọ́ láti ṣẹ. Síbẹ̀ Ọdẹ́wálé ní kí wọ́n má dá àwọn òrìṣà lẹ́bi. Ìbínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi èdè àti ẹ̀yà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ló gbé ọkọ́ nílẹ̀. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún náà. Àwọn kan ti sọ pé eré náà ta kò ara rẹ̀, nítorí bí àsọtẹ́lẹ̀ bá gbọ́dọ̀ ṣẹ, kí ni ẹ̀bi ìbínú? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ti Ọdẹ́wálé. Ní ti àwọn òǹwòran tí ogun wà nílẹ̀ wọn, kò jọ pé òǹkọ̀wé náà fẹ́ kí wọ́n rí ibi sá sí.

Àwọn onímọ̀ físíìsì gba ọ̀nà tiwọn dé ojú ìbéèrè yìí. Ní 1687, Isaac Newton fi hàn pé òfin kan náà ló ń darí èso tó já bọ́ àti òṣùpá tó ń yípo. Ní 1814, Laplace, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fa òkodoro rẹ̀ yọ: bí ọkàn kan bá wà tó mọ ibi tí gbogbo ohun wà ní ìṣẹ́jú kan, tó sì mọ gbogbo agbára tó ń tì wọ́n, kò ní sí ohunkóhun tó ń bọ̀ lọ́la tí yóò pamọ́ fún un. Yorùbá tó gbọ́ èyí kò ní ṣàì rántí Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Àwọn méjèèjì mọ ohun tó wà níwájú. Àmọ́ ọkàn tí Laplace sọ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀rúnmìlà wà kí a lè lọ bi í, kí ẹni tó béèrè sì lọ ṣe ohun tí kò bá tí ṣe bí kò béèrè. Ìmọ̀ ọ̀la tí a lè sọ fún ènìyàn kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú èyí tí a kò lè sọ, nítorí pé sísọ rẹ̀ di ara ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ní nǹkan bí 1926 àti 1927, Max Born àti Werner Heisenberg àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi hàn pé nínú àwọn ohun tó kéré bí átọ́ọ̀mù, ìṣirò kò lè sọ ju bí ohun kan ti ṣe é ṣe kí ó rí lọ. Àwọn kan yọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí fún òmìnira ènìyàn. Ayọ̀ náà yá jù. Bí ọwọ́ ènìyàn bá ń gbéra bí ẹyọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí kò ní babaláwo, ìyẹn kò sọ ọ́ di olómìnira. Ní 1963, Edward Lorenz tún fi hàn nípa ojú ọjọ́ pé òfin lè dúró gbọn-in, síbẹ̀ kí ìyàtọ̀ tíntín ní ìbẹ̀rẹ̀ sọ òjò ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ dájú. Èyí náà kì í ṣe òmìnira, àìlèmọ̀ ni.

Èyí tó dún jù létí ayé ni àyẹ̀wò tí Benjamin Libet tẹ̀ jáde ní 1983. Ó ní kí àwọn ènìyàn gbé ọwọ́ wọn nígbàkígbà tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì sọ ìgbà tí èrò náà sọ sí wọn. Ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ìdajì sẹ́kọ́ńdù ṣáájú kí ọwọ́ tó gbéra, ṣùgbọ́n ó kù bí ìdá márùn-ún sẹ́kọ́ńdù kan kí àwọn ènìyàn náà tó mọ̀ pé àwọn fẹ́ ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló kígbe pé yíyàn ti kú. Libet fúnra rẹ̀ kò gbà: ó ní ènìyàn ṣì lè dá ọwọ́ náà dúró. Ní 2012, Aaron Schurger àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé ohun tí Libet rí lè máà ju rúkèrúdò inú ọpọlọ tó ń ga díẹ̀díẹ̀ lọ, kì í ṣe ìpinnu tó ti parí. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹni tó fi ìdajì sẹ́kọ́ńdù ra ilẹ̀ ní etí odò. Oṣù àti ọdún ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ní ọdún 1983 yẹn náà ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìsédò Ọ̀yán ní òkè Abẹ́òkúta, nítòsí ibi tí odò Ọ̀yán àti Òfìkì ti pàdé. Wọ́n kọ́ ọ láti gba omi tó tó mítà oníkúbíìkì mílíọ̀nù 270, kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu, kí oko sì rí omi. Àjọ tó ń bójú tó agbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ọ̀yán ń sàn wọ Odò Ògùn, èyí tó ti agbègbè Ṣakí bọ̀. Odò Ògùn ń gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń tẹ́ rẹrẹ bí ó ti ń súnmọ́ ọ̀sà Èkó. Ilẹ̀ tó tẹ́ yẹn ni Agílítí àti Àgbóyì àti ẹ̀bá Máìlì 12 wà lórí rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, tí omi ìsédò ga, wọ́n gbọ́dọ̀ tú lára rẹ̀ sílẹ̀ kí ìsédò má baà ya. Kò sí ohun àràmàǹdà nínú rẹ̀.

Bí ènìyàn bá sì tọ omi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò máa bá ọwọ́ ènìyàn pàdé lójú ọ̀nà. Ọwọ́ kan ló pinnu iye omi tí yóò wà nínú ìsédò kí òjò tó dé, àti ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i. Ọwọ́ kan ló ta ilẹ̀ àkúrọ̀ fún ẹni tí kò mọ bí odò ti ń ṣe lóṣù kẹsàn-án. Ọwọ́ kan ló fi òǹtẹ̀ lu ìwé, ọwọ́ mìíràn sì kọ́lé láìní ìwé rárá. Ọwọ́ pípọ̀ ló da ìdọ̀tí ọjà sí gọ́tà. Òfin ìṣẹ̀dá kò dá ẹnu iṣẹ́ dúró níbi kankan nínú gbogbo èyí. Ọpọlọ àwọn tó pinnu náà, ara ìṣẹ̀dá ni. Ohun tí ó ya àwọn ọwọ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára omi ni pé wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀. Kò sí ẹni tó lè bá omi sọ̀rọ̀ kí ó dúró ní Ìṣẹ́rì. Ẹni tó ń ta ilẹ̀, ẹni tó ń ṣí ìsédò, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé, a lè bá wọn sọ̀rọ̀, a sì lè bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Kò pọn dandan kí ènìyàn wà lẹ́yìn odi òfin ìṣẹ̀dá kí ó tó jẹ́ ẹni tí a lè bi léèrè.

Èyí kò sọ pé gbogbo wọn yàn bákan náà. Àjọ Ojú-ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ń kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdọọdún bí òjò yóò ti rí. Obìnrin tó ń ta ata ní Máìlì 12, tó ń gbé yàrá kan ní Agílítí nítorí pé ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ká, tí ó sì lè fẹsẹ̀ rìn lọ pàdé ọkọ̀ tòmátì tó ń ti Òkè Ọya dé ní ìdájí, lè gbọ́ ìkéde náà lórí rédíò. Ó gbọ́ ọ, ó yé e. Ṣùgbọ́n ó ti san owó ilé ọdún kan, ata kì í sì í dúró de ẹni tó ń gbé ọ̀nà jíjìn. Òun ni ìbéèrè Gbádégẹṣin bá wí jù: ìmọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, owó tí Afùwàpẹ́ fi san gbèsè ni kò sí. Ẹni tó gba owó ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́ rédíò kan náà. Òun kò gbé ní Agílítí.